Bí Mo Ṣe Kọjú Mọ́sálásí sí Ibi Epo Rọ̀bì

Ojú mi kì í gba ohun tó bá wọ́. Bí mo bá lọ kí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, ilẹ̀ ilé ni mo kọ́kọ́ máa ń wò kí n tó bá wọn dárò, bí táìsì wọn bá sì wọ́, àánú wọn á ṣe mí lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọge kan tí mo fẹ́ẹ́ fẹ́ ní Jakande, Ìlasàn, ilẹ̀ ilé ìdáná ìyá rẹ̀ ló tú wa ká. Mo sọ fún màmá náà lójúkojú pé ẹni tó to ilẹ̀ yìí fún wọn, ojú kan ló fi tò ó. Mi ò mọ̀ pé àbúrò wọn ni. Mọ́rúfù lorúkọ mi, ọmọ Ìwó ni mí, iṣẹ́ táìsì ni mò ń ṣe.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ló kó àrùn yìí ràn mí. Ọ̀gá Ọláníyan, ará Ẹdẹ, kò sí ilé ńlá tí wọn ò tíì kúnlẹ̀ sí láti Ìlasàn dé Ìbẹ́jú-Lekki, iṣẹ́ ló sì mú wọn kúnlẹ̀ o. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ wa ni pé ògiri ni kí á máa gbọ́ràn sí lẹ́nu: ibi tí ògiri bá lọ ni ilẹ̀ ń lọ. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ ìgbọràn yìí.

Àṣà kan wà lọ́dọ̀ Ọ̀gá. Ọmọṣẹ́ tó bá fẹ́ gba fírídọ̀ọ̀mù gbọ́dọ̀ to odindi ilẹ̀ kan fúnra rẹ̀. Ọ̀gá ò ní yọjú síbẹ̀ títí iṣẹ́ á fi parí. Lọ́jọ́ tó bá parí, wọ́n á bọ́ bàtà, wọ́n á rin ilẹ̀ náà láti ògiri dé ògiri, wọ́n á sì dájọ́. Ọmọṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ wí àwíjàre kankan, torí Ọ̀gá ní ilẹ̀ tó bá dáa kì í gba lọ́yà. Bó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á gbé ọwọ́ lé e lórí, wọ́n á ṣàdúrà, òun náà ti di ọ̀gá nìyẹn. Bí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, á tún fi odindi ọdún kan sìn wọ́n sí i. Mo mọ ẹnì kan tó ti padà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti bímọ mẹ́ta, ó ṣì ń gbé àpò irinṣẹ́ tẹ̀lé Ọ̀gá kiri.

Ilẹ̀ tèmi bọ́ sí mọ́sálásí kékeré kan ní Ajah, lẹ́yìn Thomas Estate. Ilé gbọ̀ngàn kan báyìí ni, tí àwọn ilé alájà ti há mọ́ àárín, tó jẹ́ pé bí kì í bá ṣe ìrun tí wọ́n ń pè, o lè kọjá níwájú rẹ̀ lọ́dún mẹ́wàá kí o má mọ̀ ọ́n. Àlàájì Gbàdàmọ́sí, alága ìgbìmọ̀ mọ́sálásí náà, ló gbéṣẹ́ fún mi. Iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n ti fẹ̀yìn tì, wọ́n sì ti rí mọ́sálásí kan ní Dubai tí ilẹ̀ rẹ̀ ń dán bíi dígí. Láti ìgbà náà ni ara wọn ò ti balẹ̀.

"Mọ́rúfù," wọ́n ní, "mo fẹ́ kí ènìyàn wọlé, kó rí òjìji ara ẹ̀ nílẹ̀. Jímọ̀ tó ń bọ̀ la máa ṣí i. Pe ọ̀gá ẹ wá."

Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Mo ránṣẹ́ sí Ọ̀gá pé kí wọ́n wá lọ́jọ́ Jímọ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé tí mo bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti kó gbogbo ẹní jáde síta, abẹ́ àtíbàbà ni wọ́n ti ń kírun. Ilẹ̀ sìmẹ́ńtì lásán ló kù nínú ilé. Ìṣó ńlá méjì kan wà nísàlẹ̀ ògiri, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, wọ́n ti dípẹtà, wọn ò sì ṣe déédéé ara wọn: tọ̀tún súnmọ́ iwájú, tòsì fà sẹ́yìn. Inú bí mi. Mo ní ta ni ọ̀lẹ tó kan ìṣó báyìí? Mo fi òòlù fà wọ́n tu, mo jù wọ́n sínú gọ́tà, mo fi sìmẹ́ńtì dí ojú wọn, mo fi ọ̀dà kùn ún. Kò sí ẹni tó rán mi níṣẹ́ ìṣó. Ọwọ́ mi ló yá.

Lẹ́yìn náà mo ta láìnì mi, okùn tí a fi ń tò ó gún, mo ta á bá ògiri iwájú mu, mo bẹ̀rẹ̀ sí í to táìsì. Mo ti ilẹ̀kùn mọ́rí, torí ilẹ̀ tútù ò fẹ́ ẹsẹ̀ ènìyàn. Bí wọ́n bá ń kírun níta, inú ilé lèmi wà, mo ń sọ fún ara mi pé n ó ro gbogbo ẹ̀ pọ̀ kí nílé. Àlàájì wá yọjú lójú fèrèsé ní ọjọ́ Àìkú, wọ́n rí òjìji ara wọn, wọ́n ṣe "Alihamudulilahi" lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Inú mi dùn, mo tiẹ̀ ti ń ro orúkọ tí n ó kọ sára àpò irinṣẹ́ mi.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé ni ìyá arúgbó kan ṣílẹ̀kùn láìkànkùn. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti ń bọ̀, níbi tí ọmọ-ọmọ wọn ti bímọ, àpò ẹja gbígbẹ ṣì wà lórí wọn. Ìyá Fàúsátù ni wọ́n ń pè wọ́n. Àwọn ló ń gbá mọ́sálásí, àwọn ló ń tẹ́ ẹní, ọmọ bíbí ilẹ̀ náà sì ni wọ́n, tí wọ́n ti wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ ẹ́sítéètì.

"Ìyá, ẹ má wọlé o! Kò tíì gbẹ!"

Wọ́n wo ògiri ọ̀tún, wọ́n wo tòsì.

"Ìṣó mi dà?"

"Ìṣó wo, mà?"

"Ìṣó tí mo fi ń ta okùn. Orí okùn yẹn la fi ń tẹ́ ẹní."

"Mo ti yọ wọ́n, mà. Wọn ò ṣe déédéé."

Ìyá Fàúsátù sọ àpò ẹja kalẹ̀, wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà. "Ọmọ ibo ni ọ́?"

"Ìwó ni, mà."

"Ìwó, ìlú ààfáà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," mo fi ìyangàn dáhùn.

"Ó dáa. Ọmọ Ìwó, níbo ni Gábásì wà níbí yìí?"

Mo nawọ́ sí ògiri iwájú. Ìyá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ẹnu Ìjẹ̀bú etí òkun ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, mi ò lè sọ ọ́ kó dùn bí wọ́n ṣe sọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n wí nìyí:

"Ibi tó o nawọ́ sí yẹn, Ìbẹ́jú ni. Bó o bá ń lọ tààrà láìyà níbì kankan, ibi tí wọ́n ti ń fọ epo rọ̀bì ni wàá já sí. Ṣé epo lo fẹ́ ká máa forí kanlẹ̀ fún ni, ọmọ Ìwó?"

Ojú tì mí. Èmi ọmọ ààfáà, mo to ilẹ̀ mọ́sálásí fún ọjọ́ mẹ́ta, mi ò bèèrè Gábásì, apá Mẹ́kà tí wọ́n ń kọjú sí kírun.

Ìyá wá sọ bọ́rọ̀ ṣe jẹ́. Láyé tí gbogbo ibẹ̀ jẹ́ oko àgbọn àti abà apẹja, ibẹ̀ gan-an ni bàbá wọn, tó jẹ́ ládánì tó ń pe ìrun, ti yàn fún ìrun. Kò ní ògiri, kò ní òrùlé, iyanrìn ni. Nígbà tí wọ́n wá ń la títì ńlá, àwọn tó ń ṣe títì kọ́ ilé ìkó-sìmẹ́ńtì-sí sórí ibẹ̀ gan-an, wọ́n sì kọ́ ọ tẹ̀lé títì. Bàbá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sún un díẹ̀, wọn ò gbọ́. Títì parí, wọ́n lọ, wọ́n fi ilé sílẹ̀ fún àwọn ará abà. Báyìí ni ibi ìrun ṣe padà sọ́wọ́ àwọn tó ni ín, pẹ̀lú ògiri tí kò mọ Gábásì. Bàbá kan ìṣó méjì, wọ́n ta okùn, wọ́n ṣe bí ẹni pé kò sí ògiri, wọ́n ń bá ìrun wọn lọ. Nígbà tí wọ́n kú, Ìyá Fàúsátù gba okùn.

Wọ́n ti pe Àlàájì Gbàdàmọ́sí dé nígbà yẹn. Àlàájì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, wọ́n tún wo òjìji ara wọn nílẹ̀.

"Màmá, kí ló le níbẹ̀? Mọ́rúfù á kan ìṣó mìíràn, ẹ ó máa ta okùn yín lórí táìsì."

"Ta ni yóò máa ta á?"

"Ẹ̀yin kúkú wà, Màmá."

"Mo wà lónìí, Àlàájì," Ìyá dáhùn. "Ilẹ̀ tẹ́lẹ̀ ò ní ìlà, okùn nìkan ni wọ́n ń wò. Eléyìí, ìlà ló kún inú ẹ̀. Lọ́jọ́ tí n kò bá sí, ìlà ilẹ̀ ni wọ́n máa tẹ̀lé."

Àlàájì yíjú sí mi. "Mọ́rúfù, máa ṣiṣẹ́ ẹ jàre. Ilẹ̀ ẹ dáa. Ọ̀gá ẹ á wá, inú ẹ̀ á dùn, o ti gba fírídọ̀ọ̀mù ẹ nìyẹn. Wàhálà okùn, ti ìgbìmọ̀ ni."

Nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá tí mo wọ̀ padà sí Ìlasàn, inú ń bí mi sí gbogbo ayé. Mo bínú sí Ìyá tí kò dúró sí Ẹ̀pẹ́ di ọjọ́ Sátidé. Mo bínú sí Àlàájì tó ti Dubai bọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni n ó tàn? Mo mọ bí ìlà ṣe ń fa ẹsẹ̀ ènìyàn. Mo ti rí i ní báǹkì, mo ti rí i ní ọsibítù: kò sí ẹni tó sọ fún èrò pé kí wọ́n to tẹ̀lé ìlà táìsì, wọ́n á tò ó ṣáá. Òótọ́ ni Ìyá ń sọ. Bí mo bá fi ilẹ̀ yẹn sílẹ̀, kò ní pẹ́ tí gbogbo mọ́sálásí á máa kírun sí ilé epo, èmi ni n ó sì ti darí wọn.

Bí mo bá sì tú u, kí n tún un tò sí Gábásì, táìsì á dábùú yàrá náà gbọnrangandan. Kì í ṣe dábùú ti oge tó máa ń pín igun sí méjì déédéé. Ìdábùú kan báyìí ni tí ẹnikẹ́ni tó bá wọlé á fi rò pé ọtí ló ń pa ẹni tó tò ó. Ọ̀gá Ọláníyan kì í ṣe Mùsùlùmí, wọn ò mọ Gábásì, ògiri ni wọ́n mọ̀. Èmi náà ò sì gbọ́dọ̀ la ẹnu ṣàlàyé. Ọdún kan gbáko nìyẹn lọ́rùn mi.

Ẹ̀rù bà mí gan-an. Síbẹ̀, ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo gbé òòlù, mo tú ilẹ̀ tó dáa jù lọ tí mo tíì tò láyé mi. Bíọ́dún, lébírà tó ń po sìmẹ́ńtì fún mi, fi ṣọ́bìrì rẹ̀ sílẹ̀.

"Bọ̀dá Mọ́rúfù, ṣé kò sí nǹkan? Ṣé kí n pe àwọn ènìyàn yín ni?"

"Wá bá mi kó táìsì tí kò tíì fọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó o yé sọ̀rọ̀."

A tú u tán, wàhálà mìíràn dé. Apá ibo gan-an ni kí n dábùú rẹ̀ sí? Mo wá ojú ìṣó tí mo dí, mi ò rí i mọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ mi dára débi pé èmi fúnra mi ò mọ ibi tí mo fi ìṣó sí. Àwọn ọ̀dọ́ mọ́sálásí yọ fóònù. Fóònù mẹ́ta fi Gábásì mẹ́ta hàn wá, torí irin inú ògiri àti páànù orí ilé ń dà wọ́n láàmú. Ọ̀kan tiẹ̀ nawọ́ sí ilé ìtura tó wà ní òdìkejì títì.

"Ẹ gbẹ́ ilẹ̀," Ìyá Fàúsátù ní. "Àmì bàbá mi wà nísàlẹ̀. Ojú mi ni wọ́n ṣe da kọnkéré lé e."

Wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ ibi kan nítòsí ẹnu ọ̀nà. A fọ́ ibẹ̀, iyanrìn funfun la rí. Wọ́n sún síwájú, a tún fọ́ ọ, a rí ẹsẹ̀ bàtà kan. Ibẹ̀ ni Àlàájì Gbàdàmọ́sí bá wa, tí wọ́n rí ihò méjì níbi tí òjìji wọn wà lánàá. Mi ò lè tún gbogbo ohun tí wọ́n pè mí sọ. Wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí Bíọ́dún fọ́ ihò kẹta, tí nǹkan ṣe rógó lábẹ́ irin rẹ̀.

Ìdí ìgò ni. Ìgò aláwọ̀ ewé, tí wọ́n dojú rẹ̀ kọlẹ̀ nínú iyanrìn. A fi ọwọ́ gbá iyanrìn kúrò, a tún rí òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti òmíràn.

Àlàájì tẹjú mọ́ ọn. "Ìgò ọtí! Nínú mọ́sálásí!"

"Ìgò ni, Àlàájì," Ìyá wí. "Ọtí ti tán nínú ẹ̀ kó tó dọ́dọ̀ wa."

Kò sí òkúta ní gbogbo ilẹ̀ yẹn, iyanrìn ni láti ọ̀sà dé òkun. Bàbá wọn ló ń ṣa ìgò tí àwọn ará ọkọ̀ ojú omi jù sínú òkun, tí ìgbì gbé wá sí etí òkun, tí wọ́n ń rì í mọ́lẹ̀ láti fi sàmì ìlà tí wọ́n ń dúró lé kírun. Ìyá kéré nígbà náà, àwọn ni wọ́n ń bá bàbá fọ̀ ọ́ mọ́.

A la kọnkéré náà lọ láti ògiri dé ògiri, a sì ka ìgò mọ́kànlélógún. Mo ta láìnì mi lé wọn lórí. Mo kúnlẹ̀, mo fi ojú kan wò ó. Ìgò kan ò yọ síwájú, ìgò kan ò fà sẹ́yìn, lẹ́yìn títì, lẹ́yìn kọnkéré, lẹ́yìn gbogbo ẹrù tí wọ́n ti gbé lé wọn. Ẹni tó tò wọ́n ò ní láìnì, kò ní irinṣẹ́ kan. Mo jókòó sílẹ̀ síbẹ̀, orí mi wú. Mo ti ń bá àwọn ọ̀gá ṣiṣẹ́ ní Lekki láti ọdún mẹ́rin, mi ò mọ̀ pé èyí tó ju gbogbo wọn lọ wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ mú fóònù rẹ̀ lọ sí pápá gbalasa níbi tí kò sí irin. Nígbà tó padà dé, ó fi ọwọ́ júwe, ọwọ́ rẹ̀ bá ìgò mu. Àlàájì wọ mọ́tò wọn, wọ́n sì padà wá pẹ̀lú páálí táìsì mẹ́fà láti dí èyí tó fọ́.

A bo ìgò náà padà síbi tí wọ́n wà, mo sì bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta yẹn, ọ̀tá mi ò ní ṣe é. Gbogbo ẹ̀gbẹ́ ògiri ló ń fẹ́ táìsì onígun mẹ́ta, kò sì sí méjì tó rí bákan náà. Mo ń wọ̀n, mo ń gé, ìka mi ń ṣẹ̀jẹ̀. Ọ̀sán tí wọ́n bá pe ìrun, mo ń jáde lọ kí i. Ìyá Fàúsátù á gbé gààrí àti ẹja Ẹ̀pẹ́ wá, wọ́n á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa pè mí ní "ọmọ ilé epo". Mo mọ̀ pé fírídọ̀ọ̀mù mi ti lọ, síbẹ̀ inú mi ń dùn, mi ò tiẹ̀ mọ ìdí ẹ̀.

Ọ̀gá Ọláníyan dé ní nǹkan bí aago méjìlá ọ̀sán Jímọ̀. Wọ́n bọ́ bàtà. Wọ́n wo ilẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà.

"Mọ́rúfù."

"Sà."

"Kí ni ògiri fi ṣe ẹ́?"

Mi ò gbọ́dọ̀ fèsì, mi ò sì fèsì. Wọ́n lọ sí igun kan, wọ́n gbé irin tí a fi ń yẹ igun wò lé e. Wọ́n lọ sí igun kejì. Wọ́n mi orí.

"Ó wọ́," wọ́n ní.

Mo ti mọ̀ pé wọ́n á sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìgbà tó jáde lẹ́nu wọn ló tó dùn mí. Mo ń wo ẹsẹ̀ ara mi. Ibẹ̀ ni ládánì ti pe ìrun, tí èrò bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, tí Ọ̀gá sì fà sẹ́yìn síbi ilẹ̀kùn láti fún wọn láyè. Mo ṣe àlùwàlá, mo bọ́ sínú ìlà pẹ̀lú àwọn yòókù, mo kọ ẹ̀yìn sí Ọ̀gá. Kò sí okùn, kò sí ẹní, kò sì sí ẹni tó sọ fún ẹnikẹ́ni ibi tó máa dúró. Gbogbo wọn kàn fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ lé ìlà ni, láti iwájú títí dé ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin. Àlàájì Gbàdàmọ́sí ò tiẹ̀ wolẹ̀ kí wọ́n tó dúró síbi tó tọ́.

Nígbà tí a sálámà tán, tí ìrun parí, mo yíjú wẹ̀yìn. Ọ̀gá Ọláníyan wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ilẹ̀, wọ́n di ojú kan.

"Alihamudulilahi," Àlàájì pariwo, "ọ̀gá Mọ́rúfù ti gba ẹ̀sìn!"

Ẹ̀sìn kọ́, ìlà ni wọ́n ń wò. Bí a ṣe ń yẹ iṣẹ́ ara wa wò nìyẹn. Wọ́n dìde, wọ́n gbọn sòkòtò wọn.

"Ìlà mélòó ló wà níbí?"

"Mẹ́rìndínlógún, sà."

"Mo wá èyí tó wọ́ nínú wọn, mi ò rí i." Wọ́n tún wo yàrá náà yí ká, wọ́n wo àwọn ènìyàn tó ṣì jókòó lẹ́sẹẹsẹ. "Ògiri ló wọ́, Mọ́rúfù. Ilẹ̀ yìí ò wọ́. Èmi ì bá má lè tò ó."

Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀. Mo kúnlẹ̀, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lé mi lórí láàárín mọ́sálásí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà, bí wọ́n ṣe ń gbà á ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn gan-an, ní orúkọ Jésù. Mo ń rò ó pé wàhálà dé. Ìyá Fàúsátù ló kọ́kọ́ ṣe àmín látẹ̀yìn, ó ròkè débi pé àwọn ọkùnrin tẹ̀lé e, lèmọ́mù pẹ̀lú. Mo sunkún lójú gbogbo wọn, èmi Mọ́rúfù tí ń fi ilẹ̀ ilé ìdáná bá ìyá ìyàwó jà, mi ò sì wá ibi tí n ó fi ojú pamọ́ sí.